Ẹgbẹ́ African Beats àti Ọ̀nà Tí Wọ́n Fi Sọ Ohun Àjèjì Di Ọmọ Ilé

Ó ṣọ̀wọ́n kí a ṣe ìnáwó ní Ìjàrẹ́, ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó, kí ó sì parí láìjẹ́ pé a gbé àwo King Sunny Adé sí i. Ìbáà ṣe òkú àgbà ni a ń sin, ìbáà ṣe ìyàwó ni a ń gbé, ìbáà sì ṣe ilé tuntun ni a ń ṣí, bí orin náà bá ti bẹ̀rẹ̀, àgbà yóò dìde, ọmọdé yóò dìde, olówó yóò sì máa wá owó tí yóò ná mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ènìyàn bá fara balẹ̀ ka àwọn ohun èlò tí ń dún nínú orin náà, yóò rí i pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá. Gìtá ti ilẹ̀ Yúróòpù wá. Ìlù àkúbà ti erékùṣù Cuba wá. Gìtá Hawaii ti erékùṣù Hawaii gba Amẹ́ríkà kọjá kí ó tó dé ìhín. Dùùrù oníná jẹ́ ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ayé òde òní. Síbẹ̀ kò sí Yorùbá kan tí yóò gbọ́ orin yìí tí yóò sọ pé orin àlejò ni.

Báwo ni èyí ti ṣe rí bẹ́ẹ̀? Àwọn kan a máa dáhùn pé nítorí pé èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́ ni. Ìdáhùn yìí kò tó. Èdè Yorùbá kan náà ni a fi kọ ọ̀pọ̀ orin inú ìwé orin àwọn ìjọ àtijọ́, ṣùgbọ́n etí Yorùbá kò yé gbọ́ ohùn àlejò nínú wọn. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ẹgbẹ́ African Beats kò gba ohun èlò àjèjì kankan wọlé láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ipò nínú ẹbí ìlù. Nínú ìlànà yìí ni ọgbọ́n wọn wà, òun náà sì ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ wọn pẹ́.

Ìran Jùjú Ṣáájú African Beats

Orin jùjú kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Sunny Adé. Ní Èkó ni Túndé King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ orúkọ náà di mímọ̀ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1930. Ní 1936 ni a gba ohùn rẹ̀ sínú àwo. Ẹgbẹ́ ìgbà náà kéré: ẹni tí ń ta báńjò tàbí gìtá, ẹni tí ń lu sámbà tí a ń pè ní jùjú, ẹni tí ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ẹni tí ń gberin. Ìlù dùndún kò sí láàárín wọn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ohùn gìtá tí kò ní iná kéré. Bí ìyáàlù kan péré bá sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún gbọ́ gìtá mọ́.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ọ̀ràn yí padà. Gbohùngbohùn dé, gìtá oníná sì dé. Àyìndé Bákàrè wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lo gìtá oníná nínú jùjú, ní nǹkan bí ọdún 1949. Ìgbà tí ohùn gìtá ti lágbára tó báyìí ni àyè ṣí sílẹ̀ fún gángan láti wọlé, kí wọ́n sì jọ máa sọ̀rọ̀ láìbo ara wọn mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ó lòdì sí ohun tí a sábà máa ń rò: ẹ̀rọ òyìnbó ni ó ṣílẹ̀kùn fún ìlù ìbílẹ̀.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e ń fi kún un. I. K. Dairo àti ẹgbẹ́ Blue Spots rẹ̀ mú àkọ́díọ̀nù wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ níyì tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fi oyè M.B.E. ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a lọ́lá ní 1963. Túndé Nightingale fi ohùn rẹ̀ tí ó ga tí ó sì rí tín-ín-rín gba ọkàn àwọn onínàáwó Èkó. Ní 1964, Ebenezer Obey dá International Brothers sílẹ̀. Ọjà náà ti kún kí ọmọkùnrin kan láti Oǹdó tó wọ̀ ọ́.

Ọmọ Oǹdó, Ọmọ Àkúrẹ́

Sunday Adéníyì Adegeye ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. A bí i ní Òṣogbo ní ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1946. Ìdílé ọba Oǹdó ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Adésídà, ìdílé ọba Àkúrẹ́. Bàbá a máa tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá a sì máa bá ẹgbẹ́ akọrin kọrin. Oríkì ọba ń bẹ ní ọ̀tún, orin ìjọ ń bẹ ní òsì. Láàárín méjèèjì ni ọmọ náà dàgbà sí.

Ó fi ilé-ẹ̀kọ́ gíramà sílẹ̀ ní Oǹdó, ó sì jẹ́ kí àwọn ará ilé rò pé Yunifásítì Èkó ni òun ń lọ, ṣùgbọ́n ìdí orin ni ó lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ní ìlú ọlọ́ba, ọmọ ọba ni onílù ń kí. A kì í retí pé kí ọmọ ọba gbé ohun èlò kọ́rùn kí ó máa ki ẹlòmíràn. Ní 1963, ó wọ ẹgbẹ́ Federal Rhythm Dandies ti Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá nínú eré awàdà lẹ́yìn náà. Háíláífù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ní 1967, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Green Spots, kí ó lè bá Blue Spots ti Dairo mu, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ti í jẹ́ orúkọ tí ó bá ti bàbá mu. Ní 1968, orin rẹ̀ tí ó pè ní "Challenge Cup", tí ó fi yin ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores ti Èkó, gbé orúkọ rẹ̀ kọjá agbo ìnáwó. Ní 1974, aáwọ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti àwọn tí ń tẹ àwo rẹ̀ jáde. Wọ́n pínyà, ó sì dá Sunny Aládé Records sílẹ̀. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni orúkọ African Beats gba ipò Green Spots.

Ẹbí Ìlù Nínú Ẹgbẹ́ Onígìtá

Ẹni tí ó bá mọ ẹgbẹ́ dùndún mọ̀ pé ẹbí ni. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Òun ni í pa òwe, tí í ki ènìyàn, tí í sì í sọ fún àwọn yòókù pé ó tó àkókò láti yí ìlù padà. Gúdúgúdú àti àwọn omele kì í rìn jìnnà. Olúkúlùkù wọn a mú ìlù kúkúrú kan, a sì máa tún un lù. Bí a bá gbọ́ omele kan lọ́tọ̀, kò lárinrin. Nígbà tí gbogbo wọn bá wọnú ara wọn tán, wọ́n ti tẹ́ ẹní tí ìyáàlù yóò jókòó lé sọ̀rọ̀.

Ìlànà yìí gan-an ni African Beats fi kó gìtá jọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ onígìtá ilẹ̀ Yúróòpù, gìtá kan ni ó ń ṣáájú, èkejì a sì máa ta okùn púpọ̀ pa pọ̀ láti gbè é. African Beats kó gìtá mẹ́rin tàbí márùn-ún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, sínú ẹgbẹ́ tí ó lè tó ogún ènìyàn, kò sì sí gìtá méjì tí ń ta ohun kan náà. Ọ̀kan a mú ìró mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a máa tún un ta. Èkejì a bọ́ sínú àlàfo tí èkíní fi sílẹ̀. Gìtá tẹ́nọ̀ a mú tirẹ̀, tí yóò jẹ́ òpó tí gbogbo orin so mọ́. Gìtá béèsì a máa rìn ní ìsàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ àgbà. Omele ni gbogbo wọn. Olórí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ a máa fi gìtá sọ̀rọ̀ ní ibi tí ó yẹ, ṣùgbọ́n ìyáàlù tòótọ́ wà lọ́wọ́ onígángan. Rasaki Aládòkun wà lára àwọn tí wọ́n di ipò yìí mú ní àkókò tí ẹgbẹ́ náà ń lọ sí òkè òkun.

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti hàn jù ni ti gìtá Hawaii, tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta. Nínú orin àwọn aláwọ̀ funfun ará oko ní Amẹ́ríkà ni gìtá náà ti gbajúmọ̀, a kò sì mọ̀ ọ́n nínú orin ilẹ̀ yìí kí African Beats tó mú un wọlé. A kì í fi ìka tẹ okùn rẹ̀ mọ́ igi. Irin kan ni a ń fà lórí okùn, ẹsẹ̀ sì ń tẹ ohun tí ń mú okùn le tàbí tí ń dẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ohùn rẹ̀ lè yọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ láìfo ohunkóhun láàárín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ohùn gángan ṣe ń yọ́ nígbà tí onílù bá fún ọṣán mọ́ ìhà tí ó sì tún dẹ̀ ẹ́. Gìtá lásán ń gun àkàsọ̀. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n. Gìtá Hawaii àti gángan ń gun òkè, wọ́n sì lè dúró níbi tí ó bá wù wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹnu Yorùbá náà a máa yọ́ bẹ́ẹ̀. Abájọ tí etí ilé fi gbà á láìjanpata, bí ẹni pé gòjé kan ni ó lọ sí ìdálẹ̀ tí ó sì padà dé. Ní 1986, nígbà tí Paul Simon ti Amẹ́ríkà ṣe àwo tí ó pè ní Graceland, Adépọ̀jù ni ó ta gìtá Hawaii nínú orin tí ó fún àwo náà ní orúkọ. Ohun tí Amẹ́ríkà rán jáde ti padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ Yorùbá lórí rẹ̀.

Ohùn Ọ̀rọ̀ àti Ohùn Orin

Gbogbo olùkọ́ èdè ni ó mọ̀ pé bí a bá yí ohùn ọ̀rọ̀ padà, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kò sì jẹ mọ́ ọ̀kọ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìjọ sí Yorùbá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin tí a ti ṣe fún èdè mìíràn. Ohùn orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ sì ń sọnù. T. K. E. Phillips, ẹni tí í ṣe olórí orin ní Káńtídírà Krístì ní Èkó, jà fún àtúnṣe ọ̀ràn yìí, ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953.

Ìṣòro náà tilẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ohùn kìíní bá tọ ọ̀nà ọ̀rọ̀, àwọn ohùn kejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin nínú orin ìjọ lè máa rìn ní ọ̀nà tiwọn, nítorí pé ẹwà orin Yúróòpù wà nínú kí ohùn kan máa gòkè bí òmíràn ti ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn olórin jùjú, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ, mú ọgbọ́n kíkọ ohùn púpọ̀ pọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n wọn kò mú ìrìn náà. Nínú ègbè African Beats, ohùn kejì a máa tẹ̀lé èkíní bí òjìji. Bí èkíní bá gòkè, òun náà a gòkè; bí ó bá sọ̀kalẹ̀, òun náà a sọ̀kalẹ̀. Ohùn mẹ́ta lè dún pa pọ̀, kí ọ̀rọ̀ sì wà ní pípé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gángan a tún gba ọ̀rọ̀ náà, a fi awọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ ẹni tí ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń darí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n etí onílù ni ó fi ń darí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà ṣe pàtàkì. Àwo kékeré ìṣáájú kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ ní ojú kan, bẹ́ẹ̀ ni oríkì kì í parí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nígbà tí àwo ńlá dé, ojú kan lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, African Beats sì jẹ́ kí orin kan wọnú òmíràn láìdúró, gẹ́gẹ́ bí ó ti í rí ní agbo ìnáwó. Synchro System Movement ti 1976 wà lára àwọn àwo ìgbà náà tí ó yẹ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ.

Òkè Òkun

Lẹ́yìn tí Bob Marley kú ní 1981, ilé-iṣẹ́ Island Records, tí ó ń gbé àwo rẹ̀ jáde, yíjú sí jùjú. Ní 1982, àwo Jùjú Music jáde. Martin Meissonnier, ará Faransé, ni ó darí iṣẹ́ náà. Orin tí ó ṣí àwo náà, "Jà Fún Mi", jẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí Orí pé kí ó jà fún ẹni tí ó ni í. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní New York jó sí ẹ̀bẹ̀ yìí láìmọ ohun tí a ń bẹ̀. Synchro System tẹ̀lé e ní 1983, ó sì wà nínú àwọn tí a yàn láti du ẹ̀bùn Grammy. Ní 1984, Aura jáde. Stevie Wonder fun hàmóníkà nínú rẹ̀, wọ́n sì lo ẹ̀rọ tí ń lùlù fúnra rẹ̀.

Àwo kẹta yìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ jù, nítorí pé òun ni ó dán ìlànà náà wò. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà jẹ́ àjèjì. Gìtá Hawaii náà jẹ́ àjèjì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kò létí. Omele a máa fetí sí ìyáàlù. Bí ìyáàlù bá fẹ́ sáré, omele a sáré. Bí ó bá fẹ́ dúró ki ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, omele a dúró dè é. Ẹ̀rọ ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, gbogbo ẹbí sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Omele ti di olórí ilé. Ohun dáradára wà nínú àwo náà, ṣùgbọ́n ìfọ̀rọ̀wérọ̀ inú rẹ̀ dínkù. Kò tà tó bí wọ́n ti retí, àdéhùn pẹ̀lú Island sì parí. Lẹ́yìn ìrìn-àjò kan sí ilẹ̀ Japan ní ọdún kan náà, ẹgbẹ́ náà tú ká. Kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Ọ̀ràn owó àti ipò kì í jìnnà sí ẹgbẹ́ tí ó ní ogún ènìyàn àti olórí kan ṣoṣo. Àmọ́ ó yẹ kí a kíyè sí i pé àwo méjì tí wọ́n fi di olókìkí lókè òkun ni ìwọ̀nyẹn tí ìyáàlù ti wà ní ipò rẹ̀.

Ohun Tí Ó Mú Iṣẹ́ Náà Pẹ́

Ẹlòmíràn ìbá rò pé ìtàn náà parí níbẹ̀. Kò parí. Sunny Adé padà sílé, ó kó àwọn mìíràn jọ sínú ẹgbẹ́ tí ó pè ní Golden Mercury, ó sì ń bá ìnáwó lọ. Ní 1989, òun àti Onyeka Onwenu jọ ṣe àwo Wait for Me, tí ó gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ní 1998, àwo Odù jáde, tí ó kún fún orin àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Èyí náà wà lára àwọn tí a yàn fún Grammy. Lẹ́yìn náà, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ pè é láti wá kọ́ni ní orin gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò. Ọmọ tí ó fi orúkọ yunifásítì tan àwọn ará ilé jẹ ti wọ yunifásítì nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n iwájú kíláàsì ni ó gbà wọlé.

Pípẹ́ báyìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ẹgbẹ́ Golden Earring bẹ̀rẹ̀ ní 1961, ó sì dúró di 2021. Láti 1970, àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan náà ni ó di ẹgbẹ́ náà mú. Nígbà tí àìsàn ńlá kọlu George Kooymans, ọ̀kan nínú wọn, wọ́n fi òpin sí i. Ẹgbẹ́ wọn wà nínú ènìyàn mẹ́rin náà. Ti Sunny Adé kò rí bẹ́ẹ̀. Onígìtá lọ, òmíràn dé; onígángan lọ, òmíràn dé; orúkọ ẹgbẹ́ pàápàá yí padà. Ohun tí kò yí ni ipò. Bí ìdílé àyàn ṣe ń rí nìyẹn: ẹni tí ń lu gúdúgúdú lónìí lè kú lọ́la, ṣùgbọ́n gúdúgúdú kò ní dákẹ́, nítorí pé ọmọ ti wà nídìí rẹ̀ tí ń kọ́ ọ.

Àwọn kan bẹnu àtẹ́ lu jùjú pé olówó ni ó ń yìn, kì í bá tálákà sọ̀rọ̀. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Owó tí a ná mọ́ olórin lórí wà lára ohun tí ó fi ń bọ́ ogún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ́tí sí gángan dáadáa yóò gbọ́ pé òwe tí ó ń pa fún olówó kì í ṣe ìyìn nìkan. Ó ń rán an létí pé ayé kì í dúró sójú kan, àti pé ẹni tí a ń kí lónìí ní ọmọ tí a óò kí lọ́la bí ó bá ṣe rere.

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ku sí. Àwọn àwo náà wà, a sì ń gbọ́ wọn níbi gbogbo, ṣùgbọ́n àwọn tí ó lè sọ ohun tí gángan ń wí nínú wọn ń dínkù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí akọrin fi ẹnu sọ sílẹ̀ a máa fo ibi tí ìlù ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òfo ni. Idajì ọ̀rọ̀ ni ó fò yẹn. Olùkọ́ tí ó bá ní àwo kan àti àgbà onílù kan ní ìtòsí, ìbáà ṣe ní Ìjàrẹ́ tàbí ní ibòmíràn, lè gbé méjèèjì wá sí kíláàsì, kí àgbà náà máa túmọ̀, kí àwọn ọmọ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a kò bá ṣe é nígbà tí àwọn àgbà wọ̀nyí ṣì wà, àwọn ọmọ yóò máa jó lọ ní tiwọn, ṣùgbọ́n bí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti jó ní 1982 ni wọn yóò máa jó: ẹsẹ̀ yóò gbọ́, etí kò ní gbọ́.